Àtòkèèrè Ni A Ti Í Wò Ó: Ọ̀rọ̀ Lórí Dídènà Ewu Nínú Ètò Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní, 'Igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, àtòkèèrè ni a ti í wò ó.' Kò sí ẹni tí ó jókòó ní kíláàsì Yorùbá rí tí kò mọ òwe yìí. A ti túmọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò, a sì ti fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ lónìí ni pé, mímọ òwe lọ́tọ̀, lílò ó lọ́tọ̀. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí gba máàkì tí ó dára nínú ẹ̀kọ́ òwe ní ọdún kejì mi ní Yunifásítì. Ní ọdún kan náà ni mo ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó gba ènìyàn là.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun Tí Ojú Wa Rí

Ní ọdún 2016 ni. Ẹgbẹ́ wa ń ṣe Ọjọ́ Àṣà, èmi sì ni akọ̀wé ètò. A gba gbọ̀ngàn kan tí àga 250 wà nínú rẹ̀. Eré oníṣe ni a fẹ́ fi kádìí ọjọ́ náà, Ṣàngó sì wà nínú eré ọ̀hún. Ta ni yóò ṣe Ṣàngó tí iná kò ní yọ lẹ́nu rẹ̀? Ọmọkùnrin tí a fún ní ipò náà fi epo kẹrosíìnì dánra wò ní ìta gbangba fún ọ̀sẹ̀ kan, ohunkóhun kò ṣe é. Màrìwò ni a fi ṣe orí ìtàgé lọ́ṣọ̀ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni a ti já a, nígbà tí ọjọ́ yóò fi pé, ó ti gbẹ táútáú.

Gbọ̀ngàn náà ní ìlẹ̀kùn méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì gba ẹ̀yìn wọlé, owó sì bọ́ lọ́wọ́ akápò wa. Nítorí náà, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀, èmi ni mo dá a lábàá pé kí a fi àgádágodo ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Gbogbo ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bàbá tí ó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, 'Ọmọ mi, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yìí náà ni gbogbo èrò yóò máa gbà wọlé, tí wọn yóò sì máa gbà jáde?' Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ní, 'Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. A ti ṣètò gbogbo rẹ̀.' Ó wò mí, ó mi orí, ó lọ jókòó.

Ènìyàn tí ó wọlé lé ní 400 lójú tèmi, nítorí a kò ka ẹnikẹ́ni. Iná mànàmáná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí abẹ́ fèrèsé. Nígbà tí Ṣàngó fẹ́ iná lẹ́nu, ahọ́n iná kan lá màrìwò. Kò ju kí a ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá, iná ti gun aṣọ ìtàgé. Àwọn tí ó wà níwájú rò pé ara eré ni, wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí èéfín bò wọ́n ni igbe ta. Àwọn kan sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú, àwọn yòókù rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tí mo ní kí wọ́n tì. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀kan nínú wa, ẹni náà sì ti lọ gbé oúnjẹ ní ìgboro.

Bàbá aṣọ́gbọ̀ngàn yẹn ni Ọlọ́run lò fún wa. Láti ìgbà tí ó ti rí iná lẹ́nu Ṣàngó ni ó ti lọ mú irin kan dání. Láti ìta ni ó ti fi irin náà já àgádágodo, èrò sì tú jáde bí omi. Àwọn ọmọkùnrin kan fi yanrìn àti omi pa iná náà. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa ṣẹ́ lápá, òmíràn sì dákú mọ́ ara ìlẹ̀kùn. Nígbà tí mo lọ wo ẹni tí apá rẹ̀ ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá, ó wá bi mí pé, 'Ọmọ mi, ta ni ó ti ìlẹ̀kùn yẹn ná?' Mo dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń san gbèsè rẹ̀ nínú àròkọ yìí.

Àwọn Tí Kò Rí Ẹni Já Àgádágodo

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa ní ilẹ̀ mìíràn. Ẹ̀rù bà mí, nítorí ó dà bí ẹni pé tiwa ni wọ́n ń kọ.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní, ọdún 2013, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì kan ní ìlú Santa Maria, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Brazil, ń ṣe àríyá ní ilé ijó kan tí wọ́n ń pè ní Kiss. Ọ̀kan nínú àwọn olórin tan iná ìṣeré tí a ṣe fún ìta gbangba. Iná náà ran fóòmù tí wọ́n fi bo àjà nítorí ariwo orin. Èéfín olóró tí ó jáde nínú fóòmù náà ni ó pa ọ̀pọ̀ wọn ju iná fúnra rẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé náà ní. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá àwọn ènìyàn dúró, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ sá lọ láìsan owó. Àwọn mìíràn sáré wọ ilé ìtọ̀, wọ́n rò pé ọ̀nà ìta ni. Ènìyàn 242 ni ó kú, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún 2017, ìjọba Brazil ṣe òfin tuntun lórí ààbò iná nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Iná nínú ilé, ohun tí ó rọrùn láti jó, ọ̀nà kan ṣoṣo, ìbẹ̀rù pé owó tíkẹ́ẹ̀tì yóò sọnù: ẹ fi wé tiwa, kí ẹ wo ohun tí ó kù.

Ní Texas A&M University ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ àṣà láti ọdún 1909 títí di ọdún 1999 pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó igi jọ, kí wọ́n sì dáná ńlá kí wọ́n tó bá Yunifásítì kejì wọn gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni ó ń to igi náà. Ní òru ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1999, òkìtì náà wó nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ènìyàn 12 kú, 27 sì fara pa. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé bí wọ́n ṣe to igi náà kò lè gbé ẹrù ara rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé láti ọdún dé ọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ẹnu lásán kọ́ ara wọn níṣẹ́ náà, tí ẹnì kan tí ó mọ̀ nípa ìkọ́lé kò bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò bí ó ti yẹ.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé òkèèrè nìkan ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ọmọdé 35 kú nínú àpapọ̀ èrò níbi àríyá ọmọdé tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ọgbà ilé-ìwé kan ní Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn. Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Abuja àti ní Okija níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọdún. Àwọn tí ó kú níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ní 60. Kò sí ẹni tí ó pe àpéjọ náà láti pa ọmọ ẹlòmíràn. Inú rere nìkan kò tó láti fi ṣọ́ èrò.

Bí A Ṣe Ń Wá Ewu Rí, Tí A Sì Ń Wọ̀n Ọ́n

Ohun méjì kan wà tí a sábà máa ń pa pọ̀. Ọ̀kan ni ohun tí ó lè ṣe ni léṣe, èkejì ni ewu. Epo kẹrosíìnì tí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì, tí a dé, tí a gbé sí yàrá ìkẹ́rùsí, lè ṣe ni léṣe, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kéré. Epo kan náà lẹ́nu Ṣàngó lẹ́gbẹ̀ẹ́ màrìwò gbígbẹ, tí ènìyàn 400 wà níwájú rẹ̀, ewu rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ibi tí a bá lo nǹkan sí, àwọn tí ó yí i ká, àti ọ̀nà tí a gbà lò ó ni ó ń sọ ọ́ di ewu.

Láti wá ewu rí, ẹ má jókòó sínú yàrá ìpàdé nìkan. Kí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin mú ìwé àti kálámù, kí wọ́n lọ sí ibi tí ètò yóò ti wáyé, ní àkókò kan náà tí yóò wáyé. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ ni, ẹ lọ lálẹ́, kí ẹ sì pa iná kí ẹ wo bí òkùnkùn ibẹ̀ ti rí. Ẹ rìn gba ibi tí àlejò yóò gbà láti ẹnu géètì dé àga, kí ẹ sì rìn padà. Ẹ bi ara yín léèrè: Ta ni ó ń bọ̀, mélòó ni wọ́n? Kí ni wọn yóò ṣe, kí ni wọn yóò jẹ? Kí ni ó lè jó, tí ó lè wó, tí ó lè yọ̀, tí ó lè gbé iná mọ́ ènìyàn lára? Bí iná bá lọ ńkọ́? Bí òjò bá dé ńkọ́? Lẹ́yìn èyí, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Aṣọ́gbọ̀ngàn, agbálẹ̀ àti oníṣẹ́ iná mọ ohun tí ọ̀mọ̀wé kò mọ̀ nípa ilé náà. Bí mo bá ti fi etí sí Bàbá ní ọjọ́ yẹn, n kì bá tí máa kọ ìwé yìí.

Nígbà tí ẹ bá ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wọ̀n wọ́n. Ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn. Ẹ fún ewu kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 1 dé 5 fún bí ó ti rọrùn tó láti ṣẹlẹ̀. Ẹ tún fún un ní 1 dé 5 fún bí ìpalára rẹ̀ yóò ti tó bí ó bá ṣẹlẹ̀: 1 ni ìnira díẹ̀, 5 ni ikú. Ẹ wá fi nọ́ńbà kìíní lọ́po èkejì. Ẹ jẹ́ kí a fi ètò tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Pé kí ohun mímu má kárí: 4 lọ́nà 1, ó jẹ́ 4. Pé kí èrò nílò ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lójijì nígbà tí a ti tì í: 3 lọ́nà 5, ó jẹ́ 15. Àwa lo nǹkan bíi wákàtí méjì lórí ọ̀rọ̀ ohun mímu nínú ìpàdé wa. Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn kò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ẹ má jẹ́ kí ìṣirò tàn yín jẹ. Ohun tí ó ní 5 níhà ìpalára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1 ni ó ní níhà kejì, ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tí ó bá kú kò ní mọ̀ pé ó ṣòro kí irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà Márùn-ún Tí A Fi Ń Dín Ewu Kù

Nígbà tí a bá rí ewu, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni kí a sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ṣọ́ra. Èyí wà lára àwọn ọ̀nà tí agbára wọn kéré jù lọ. Àwọn tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ ààbò máa ń to ọ̀nà náà láti orí èyí tí ó lágbára jù. Ẹ jẹ́ kí a fi iná Ṣàngó wò ó.

Èkíní ni kí a mú ewu kúrò pátápátá: kí Ṣàngó má fẹ́ iná rárá. Èkejì ni kí a fi ohun tí kò léwu rọ́pò rẹ̀: iná mànàmáná pupa, aṣọ pupa, àti ìlù bàtá tí ó dún bí ààrá. Ẹ̀kẹta ni kí a fi àyè tàbí ìdènà sí àárín ewu àti ènìyàn: kí a ṣe eré náà ní pápá, níbi tí kò sí màrìwò tàbí aṣọ ìtàgé, kí àwọn òǹwòran sì jìnnà. Ẹ̀kẹrin ni kí a fi òfin àti ènìyàn ṣọ́ ọ: kí ẹnì kan dúró pẹ̀lú ohun èlò ìpaná àti garawa yanrìn, kí ó sì mọ̀ ọ́n lò. Ìkarùn-ún, tí ó kẹ́yìn, ni ohun tí òṣèré yóò wọ̀ sára láti dáàbò bo ara rẹ̀. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ yìí ni a ń gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí àti sùúrù ẹ̀dá sí i, àwọn méjèèjì sì máa ń tán ní ọjọ́ àríyá. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀nà kejì ni ẹgbẹ́ wa mú. Nígbà tí bàtá dún tí iná pupa sì ṣẹ́ wàì, àwọn òǹwòran hó yèè. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè kẹrosíìnì.

Àwọn Ewu Tí Ó Sún Mọ́ Wa Jù

Èrò. Ẹ fi ẹfun fa igun mẹ́rin sí ilẹ̀, kí ó jẹ́ mítà kan lóròó, mítà kan níbùú. Bí ènìyàn 2 bá dúró nínú rẹ̀, ara tù wọ́n. Bí wọ́n bá di 4, ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè rìn. Bí wọ́n bá ti ju 5 lọ, ẹsẹ̀ oníkálùkù kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá di 6 tàbí 7, èrò ti di ìgbì omi: a lè ti ẹni tí ó wà lẹ́yìn, kí ó jẹ́ ẹni tí ó wà níwájú ni yóò kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé títẹ̀mọ́lẹ̀ ni ó máa ń pa ènìyàn nínú èrò. Púpọ̀ nínú wọn ni ó kú lórí ìdúró, nítorí àyà wọn kò rí àyè fẹ̀ láti mí.

Nítorí náà, ẹ wọn gbọ̀ngàn kí ẹ tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ mítà 20 sí 15, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300. Bí ìtàgé, ìlù àti tábìlì oúnjẹ bá gba 80, ó ku 220. Èmi máa ń fún ẹni tí yóò jókòó ní mítà kan lóròó àti níbùú, pẹ̀lú ọ̀nà tí a ó máa gbà láàárín àga. Ènìyàn 220 nìyẹn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti pé 220, ó tán nìyẹn, bí ẹni tí ó dé tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ alága. Ní ti ìlẹ̀kùn, kí gbogbo wọn ṣeé ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù àwọn tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ènìyàn síbẹ̀, ẹ má fi àgádágodo síbẹ̀. Ènìyàn lè ṣí ọ̀nà nígbà tí iná bá sọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ pín ẹ̀bùn, ẹ ti fún àwọn tí ó tọ́ sí ní nọ́ńbà ṣáájú, kí wọ́n mọ̀ pé tiwọn kò ní sọnù. Ẹni tí ó dá a lójú pé ipa tirẹ̀ wà kì í ti ẹlòmíràn.

Jẹnẹrétọ̀. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó máa ń gba ipò atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó bá fà á simú yóò kàn máa rò pé orí ń fọ́ òun tàbí pé oorun ń kun òun. Ìta ni kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti ìlẹ̀kùn tó mítà 6 ó kéré tán. Bí ó bá gbóná, ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó rọ bẹntiróòlù sí i. Ẹ má sì gba wáyà káàkiri ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà.

Oúnjẹ. Ìrẹsì tí a sè lóru, tí a fi sílẹ̀ nínú ìkòkò títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, lè gbé gbogbo ẹgbẹ́ dé ilé ìwòsàn. Kòkòrò àìfojúrí kan wà, Bacillus cereus, tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú ìsè. Bí ìrẹsì bá lọ́wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, yóò tú oró sínú rẹ̀, oró náà kì í sì í lọ bí a bá tún un gbé kaná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ sísè má wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ: kí èyí tí ó gbóná gbóná ju 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí èyí tí ó tutù má sì ju 5 lọ. Ẹ sè é sún mọ́ àkókò tí ẹ ó jẹ ẹ́, kí ẹ sì ní omi àti ọṣẹ ìfọwọ́.

Òjò àti ààrá. Bí ìlẹ̀ òjò àti ìparí rẹ̀ bá dé, ìjì lè ká kánópì kúrò nílẹ̀ kí ó sì fi irin rẹ̀ lu ènìyàn. Ẹ fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ẹ sì lé èrò kúrò lábẹ́ rẹ̀ bí ìjì bá ń bọ̀. Bí mànàmáná bá kọ, tí ẹ sì gbọ́ ààrá kí ẹ tó ka 30, ó ti sún mọ́ tòsí. Inú ilé ni ẹ ó sá sí. Abẹ́ igi tàbí kánópì kì í ṣe ibi ààbò. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn ààrá ìkẹyìn kí ẹ tó jáde.

Ìrìnàjò. A fẹ́ràn láti lọ wo òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, àti omi tí ń dà láti orí àpáta ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ tètè gbéra láàárọ̀, kí ẹ sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wo táyà ọkọ̀, ẹ bi awakọ̀ bóyá ó sùn lóru àná. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wọ ọkọ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́, kí ẹ sì ka orí ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró. Nígbà òjò, àpáta tí omi ń gbà máa ń yọ̀ bí ilá. Kí àwọn tí ó ní ikọ́ fée, wárápá tàbí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo tí a yàn, nítorí òtútù, àárẹ̀ àti àìmu omi tó lè jí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé ètò.

Ta Ni Yóò Sọ Pé Ó Tó?

Nínú gbogbo ìgbìmọ̀ tí mo ti bá ṣiṣẹ́, a máa ń ní alága, akápò, àti ẹni tí yóò pín ohun mímu. Ẹni tí a kì í ní ni ẹni tí ó ní àṣẹ láti dá ètò dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ wa yẹn, ó tó ènìyàn mẹ́fà nínú wa tí ó rí i pé èrò ti pọ̀ jù. Oníkálùkù ń dúró de ẹnì kejì. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ yan ẹnì kan. Kí ó má ṣeré, kí ó má ṣe atọ́kùn, kí ó má gba owó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wò. Bí ó bá ní kí a dá orin dúró, orin ti dúró nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé àlejò pàtàkì wà lórí àga. Ẹ tún yan ẹni tí yóò pe ilé ìwòsàn, àti ẹni tí yóò lọ dúró ní ojú ọ̀nà láti mú ọkọ̀ wọlé. Kí atọ́kùn sì fi ọwọ́ júwe gbogbo ẹnu ọ̀nà fún àwọn òǹwòran kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ èyí. A máa ń gbé ìwé wá kí ẹ bá wa fi ọwọ́ sí i, ẹ sì máa ń fi ọwọ́ sí i nítorí ìfẹ́ tí ẹ ní sí wa. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i, ẹ bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta: Ènìyàn mélòó? Ọ̀nà mélòó ni ó ṣí? Ta ni ó lè dá a dúró? Bí a kò bá lè dáhùn, ẹ dá ìwé náà padà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn kan yóò ní àdúrà tó. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbàdúrà kí olè má wọlé a máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru, ẹni tí ó bá sì gbàdúrà kí èrò jáde láyọ̀ yóò ṣí i sílẹ̀.

Ìwé Tí A Ó Fi Lé Ara Wa Lọ́wọ́

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ Texas ni pé àṣà náà ti pẹ́ ní 90 ọdún. Pé nǹkan kò tíì ṣẹlẹ̀ rí kì í ṣe ẹ̀rí pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń yí padà lọ́dọọdún. Bí àwọn tí ó mọ̀ bá ti gboyè jáde, ìmọ̀ bá wọn lọ. Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ètò, kí ìgbìmọ̀ jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀, àti ohun tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀. Èyí tí ó kù díẹ̀ yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má tijú láti kọ àṣìṣe tirẹ̀.

Èmi ti kọ tèmi báyìí. Ìyá tí ó bi mí léèrè ní ilé ìwòsàn, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, èmi ni, Màmá. Èmi ni mo ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà. Láti ọjọ́ náà, n kò wọ gbọ̀ngàn kan kí n jókòó láìkọ́kọ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí n fi ọwọ́ tì í wò bóyá ó ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ óò ṣe Ọjọ́ Àṣà ti ọdún tí ń bọ̀, ẹ bá mi ṣe bẹ́ẹ̀. A ó pàdé láyọ̀, a ó sì túká láyọ̀.